Ọmọ àbúrò mi ní Cal.com ni ká lò: ìdáhùn fún ilé ìtọ́jú eyín kan ní Ìlọrin

Ìbéèrè: "Ilé ìtọ́jú eyín kékeré kan ni mò ń bójú tó ní Ìlọrin. A tún ní ẹ̀ka kan ní ìlú kékeré kan nítòsí Òmù-Àrán, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ là ń ṣí i. Dókítà mẹ́ta ló ń bá wa ṣiṣẹ́ ní Ìlọrin, àga ìtọ́jú méjì péré la ní. Ìwé rẹ́jísítà la fi ń dá ọjọ́ fún àwọn aláìsàn. Aago méje àárọ̀ ni wọ́n ti ń dé, wọ́n á máa jà sí nọ́ńbà, ẹni tí a dá aago mẹ́sàn-án fún á wọlé ní mọ́kànlá. Calendly, ètò dídá ọjọ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ń gba owó dọ́là. Ọmọ àbúrò mi tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà sọ pé àwọn ọ̀fẹ́ wà tí kóòdù wọn wà ní gbangba: Cal.com, Easy!Appointments, Nextcloud, LibreBooking. Cal.com ló fẹ́ràn jù. Òun fúnra rẹ̀ máa tó lọ sìnrú ìlú. Èwo ni ká mú?" Àlàájà kan, Ìlọrin.

Àlàájà, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìfaradà àwọn oníjà nọ́ńbà. Mi ò fẹ́ kí ẹ kà á títí kí ẹ tó mọ ibi tí mò ń lọ: Easy!Appointments ni kí ẹ mú. Àmọ́ ẹ má lò ó bí wọ́n ṣe ní ká máa lò ó. Wọ́n ní kí ẹ kọ orúkọ dókítà síbi tí òṣìṣẹ́ wà. Àga ni kí ẹ kọ síbẹ̀. Màá ṣàlàyé rẹ̀.

Gbólóhùn kan nínú ìbéèrè yín wúwo ju gbogbo orúkọ sọ́fútíwià tí ẹ dá lọ: "Òun fúnra rẹ̀ máa tó lọ sìnrú ìlú." Ọmọ àbúrò yín kò ṣì sọ, Cal.com rẹwà, ó sì gbọ́n. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé ọmọ náà lọ sí Kebbi tàbí Cross River, tí nǹkan náà sì daṣẹ́ sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ta ni ẹ máa pè? Ìbéèrè tí mo kọ́kọ́ máa ń bi ara mi nìyẹn bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n yan irú nǹkan yìí fún òun. Èyí tó tẹ̀ lé e ni pé, ta ló máa fọwọ́ kàn án lójoojúmọ́?

Àwọn tó ṣe àwọn sọ́fútíwià yìí lókè òkun rò pé aláìsàn fúnra rẹ̀ ló máa ṣí ìkànnì, táá yan wákàtí, táá tẹ ímeèlì rẹ̀ síbẹ̀, táá sì dúpẹ́. Ẹ̀yin mọ àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ yín jù mí lọ. Ìyá tí eyín ń ro mọ́jú ní Ọjà Ọba á pe fóònù, tàbí kó ní kí ọmọ òun bá òun kọ WhatsApp, tàbí kó kúkú gun ọ̀kadà wá bá yín. Ní gbogbo ibi tí mo ti gbé irú ètò yìí kalẹ̀ láàrin Táńkẹ̀ sí Táíwò, ọmọ tó jókòó sí tábìlì iwájú ló ń tẹ èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ tí wọ́n ń dá. Nítorí náà, òun ni ẹ̀ ń ra sọ́fútíwià fún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ò san kọ́bọ̀. Bí kò bá lè lò ó lórí fóònù ọwọ́ rẹ̀ láàárọ̀ tí iná kò sí, àṣedànù ni.

Ọ̀rọ̀ Calendly ná, kí n tètè kúrò níbẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí ní Èkó, Tọ́pẹ́ Awótọ́nà, ló dá a sílẹ̀ ní Atlanta lọ́dún 2013, nígbà tó sì fi di oṣù kìíní 2021, wọ́n ti ṣírò iye rẹ̀ ju bílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là lọ. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n tiẹ̀ kì í ṣe èyí tí kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba, ẹ ò lè gbé e sọ́dọ̀ ara yín, bí dọ́là bá sì gbéra, owó tí ẹ ń san á bá a gbéra.

Easy!Appointments ní tirẹ̀, Alex Tselegidis ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, abẹ́ ìwé àṣẹ GPLv3 ló wà, èyí tó gbà kí ẹnikẹ́ni lò ó, kó sì tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. PHP, èdè kóòdù kan, àti MySQL, ibi tó ń kó nǹkan pa mọ́ sí, ni wọ́n fi kọ́ ọ. Gbólóhùn tó kù díẹ̀ káàtó nìyẹn létí ẹni tí kì í ṣe ọmọ kọ̀ǹpútà, òun ni mo sì fi yàn án. Ohun kan náà tí WordPress, ètò tí wọ́n fi ń ṣe ìkànnì, ń lò ni. Ibikíbi tí ẹ bá ti lè san owó ọdún fún ìkànnì lásán, tí wọ́n sì fún yín ní cPanel, ojú ìwé tí ẹ ó fi máa darí ìkànnì náà, ẹ lè gbé e síbẹ̀, kí ẹ sì san owó náà ní náírà. Bí ọmọ àbúrò yín bá lọ, ọmọkùnrin tó ń ṣe ìkànnì WordPress fún mọ́sáláṣí àdúgbò tàbí fún ilé ẹ̀kọ́ ọmọ yín á lè ṣí i, á sì mọ ibi tó ti bàjẹ́. Irú wọn kún Ìlọrin. Ẹni tó lè tún Cal.com ṣe náà wà, àmọ́ ẹ máa wá a, bí ẹ bá sì rí i, owó gidi ni yóò gbà lọ́wọ́ yín.

Nínú Easy!Appointments, nǹkan mẹ́ta ló wà: iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe, òṣìṣẹ́ tó ń ṣe é, àti aláìsàn tó wá ṣe é. Gbogbo ohun tó ń ṣọ́ ni pé kí òṣìṣẹ́ kan má gba èèyàn méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò mọ̀ pé ohun kan wà tó ń jẹ́ àga. Ẹ wá wò ó: bí ẹ bá kọ orúkọ dókítà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú rẹ̀, tí gbogbo wọn sì wà níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, á fún aláìsàn mẹ́ta ní aago mẹ́sàn-án tinútinú. Àga méjì lẹ ní. Ẹnì kẹta á jókòó, á máa wo ògiri, ìjà nọ́ńbà tí ẹ ní ẹ fẹ́ parí á tún bẹ̀rẹ̀ látinú kọ̀ǹpútà. Mo ti rí i níbi tí wọ́n ti ń di irun: àwọn adirun mẹ́rin, ibi ìfọrun kan ṣoṣo.

Torí ìyẹn ni mo fi ní kí ẹ ṣẹ̀dá òṣìṣẹ́ méjì, kí ẹ sọ ọ̀kan ní "Àga Kìíní", kí ẹ sọ èkejì ní "Àga Kejì". Àga ni ohun tó há ní ilé ìwòsàn yín, òun ló yẹ kí sọ́fútíwià máa ṣọ́. Dókítà tó máa jókòó tì í lọ́jọ́ náà, ẹ̀yin lẹ máa pín ìyẹn bí ẹ ṣe ń pín in tẹ́lẹ̀. Àwọn díẹ̀ wà tó jẹ́ pé dókítà kan pàtó ni wọ́n gbọ́dọ̀ rí, bíi àwọn tó ń lo wáyà eyín. Ká ní Ọjọ́rú nìkan ni dókítà oníwáyà máa ń wá, ẹ ṣẹ̀dá òṣìṣẹ́ kẹta tó ń jẹ́ "Wáyà, Àga Kejì", ẹ fún un ní wákàtí lọ́jọ́ Ọjọ́rú nìkan, kí ẹ sì pa Àga Kejì gan-an dé lọ́jọ́ náà. Ọgbọ́n orí lásán ni, àmọ́ ó ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ ìjà nọ́ńbà ló wá kàn. Ẹ má gbìyànjú láti dá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún èèyàn. Ẹni tó ń bọ̀ láti Gànmọ̀ tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ mú ní Ọ̀fà Gàréèjì kò lè dé ní aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gééré, bí ẹnì kan bá sì pẹ́, gbogbo ìyókù á wó lé ara wọn lórí. Wákàtí kan ni kí ẹ dá. Easy!Appointments gbà kí ẹ sọ iye èèyàn tó lè wà nínú àkókò kan fún iṣẹ́ kan. Fún àyẹ̀wò àti eyín fífọ̀, ẹ kọ ìṣẹ́jú 60, ẹ kọ èèyàn méjì. Àga méjì, èèyàn mẹ́rin láàrin aago mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá. Nínú wákàtí yẹn, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló kọ́kọ́ wọlé. Wọ́n ṣì lè jà, àmọ́ èèyàn mẹ́rin ló ń jà, kì í ṣe ogún. Eyín yíyọ tàbí iṣẹ́ tó gùn, ẹnì kan ṣoṣo ni kí ẹ kọ sí i, kí ẹ sì ka àkókò tí wọ́n fi ń pa kòkòrò ara irinṣẹ́ mọ́ iye ìṣẹ́jú rẹ̀, torí sọ́fútíwià kò mọ̀ pé irinṣẹ́ gbọ́dọ̀ mọ́ kí ẹlòmíì tó jókòó.

Kí ẹ sì fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí a kò dá ọjọ́ fún. Èmi ò mọ ilé ìwòsàn eyín kan ní Kwara tó lè lé ẹni tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú padà sílé pé "kò sí orúkọ yín nínú kọ̀ǹpútà." Ẹ pa Àga Kejì dé láti aago mọ́kànlá sí ọ̀sán lójoojúmọ́, kí ó jẹ́ ti àwọn àjálù.

Ẹ óò rí ibi tí wọ́n ti ń béèrè ọ̀nà tí ẹ fẹ́ kó máa gbà gbé àyè sílẹ̀ fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Èyí tó máa ń gbé wákàtí sílẹ̀ tẹ̀ lé ara wọn láìsí ìkọlura ni kí ẹ yan, èyí tí wọ́n pè ní fixed. Ìkejì á máa dábàá mẹ́sàn-án, mẹ́sàn-án kọjá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mẹ́sàn-án àbọ̀, ìpín wákàtí-wákàtí tí a ṣe á sì dàrú.

Ọjọ́ Jímọ̀ rọrùn. Nínú àtẹ ọ̀sẹ̀ àga kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ìsinmi tirẹ̀, ẹ fi ti Jímọ̀ sí aago kan sí méjì àbọ̀, ó parí. Ti oṣù Ramadan, wọ́n ní ohun tí wọ́n ń pè ní ìyàtọ̀ sí àtẹ, tí ẹ fi lè sọ pé ní ọjọ́ báyìí, wákàtí báyìí la ó fi ṣiṣẹ́.

Ẹ̀ka yín ti ìhà Òmù-Àrán ló mú mi ronú jù. Ẹ ò kọ ọ́ sínú ìbéèrè yín, àmọ́ bí ìlú náà bá ń ná ọjà ọrọọrún, ọjọ́ ọjà ni àwọn ará abúlé máa ń wọlé, ọjọ́ yẹn ló yẹ kí ilẹ̀kùn yín ṣí. Kò sí ọ̀kan nínú sọ́fútíwià mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí àtẹ rẹ̀ mọ ọ̀rún. Ọjọ́ méje ni wọ́n mọ̀, Ajé sí Àìkú. Àwa ń ka ọjọ́ tí a wà mọ́ ọn, nítorí náà ọrọọrún jẹ́ ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin lójú kọ̀ǹpútà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé: èyí tó tẹ̀ lé e á bọ́ sí Ẹtì, lẹ́yìn náà Ìṣẹ́gun, Àbámẹ́ta, Ọjọ́rú, Àìkú, Ọjọ́bọ̀, kó tó padà sí Ajé. Ọjà méje láàrin ọjọ́ 28, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀sẹ̀ gba ọ̀kan. Ẹni tó bá ní kí ẹ ṣí ẹ̀ka náà ní Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ títí ayé kò tíì gbé ìlú ọlọ́jà rí.

Kàlẹ́ńdà orí fóònù yín lè bá yín kà á. Ìlànà tí àwọn kàlẹ́ńdà fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, iCalendar, tí wọ́n tún kọ lọ́dún 2009, mọ bí a ṣe ń sọ pé "lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin". Ẹ kọ "ọjọ́ ọjà" sínú Google Calendar, ẹ ní kó máa tún ara rẹ̀ ṣe ní ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin, ẹ óò rí gbogbo ọjọ́ ọjà ọdún náà. Kí ọmọ tábìlì wá máa mú méje tó ń bọ̀ níbẹ̀, kó kọ wọ́n sínú ìyàtọ̀ sí àtẹ fún ẹ̀ka náà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni.

Ó yẹ kí n wá ṣe ẹ̀tọ́ fún àwọn tó kù, kí ọmọ àbúrò yín má bàa sọ pé mo ṣe ojúsàájú.

Calendso ni Cal.com ń jẹ́ nígbà tó jáde lọ́dún 2021, Peer Richelsen àti Bailey Pumfleet ló dá a sílẹ̀. TypeScript ni wọ́n fi kọ ọ́, PostgreSQL ló ń kó nǹkan pa mọ́ sí. Nínú gbogbo wọn, òun ló mọ ọ̀rọ̀ wákàtí ìlú sí ìlú jù. Mo gbé e kalẹ̀ fún agbẹjọ́rò kan tí àwọn oníbàárà rẹ̀ wà ní Houston àti Lọ́ńdọ̀nù, ó bá a mu bí ìbọ̀wọ́. Ṣùgbọ́n kò ṣeé gbé sórí ìkànnì cPanel lásán. Sáfà tirẹ̀ gan-an, ìyẹn kọ̀ǹpútà orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń gbé ìkànnì, ló fẹ́, kó sì ní ikùn. Mo kọ́kọ́ gbé e sórí sáfà tí agbára ìrántí rẹ̀ kò ju gígábáìtì kan lọ. Ó ń kọ́ ara rẹ̀, ó ń kọ́ ara rẹ̀, ó dákú. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó gbà pé ebi ló ń pa á. Ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ náà wà níbẹ̀: ẹ̀yà tí mo lò wà lábẹ́ AGPLv3, ìbátan GPLv3, àmọ́ àpò kan wà nínú kóòdù ẹ̀yà yẹn tí wọ́n pè ní ee, ohun tó wà nínú ìyẹn ní ìwé àṣẹ olówó tirẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún yín pé ó ní báyìí-báyìí lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ ní kó wò ó bóyá inú àpò yẹn ló ti rí i. Ọ̀rọ̀ gbígba owó lórí ìkànnì náà sì tún kù. Stripe ni ọ̀nà ìsanwó tí wọ́n fi ṣe igi lẹ́yìn ọgbà, Stripe kò sì gba ilé iṣẹ́ tí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Nàìjíríà tààrà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló ra Paystack lọ́dún 2020. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba owó lórí tábìlì, kò kàn yín.

Nextcloud wá láti Jámánì. Ọdún 2016 ni Frank Karlitschek àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yà kúrò lára ownCloud láti dá a sílẹ̀, ìparí 2021 sì ni dídá ọjọ́ wọnú kàlẹ́ńdà rẹ̀. Fáìlì, kàlẹ́ńdà, orúkọ àwọn èèyàn, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ilé kan náà. Bí ẹ bá ń lò ó tẹ́lẹ̀ fún fáìlì, ẹ ò bá má wá nǹkan mìíràn. Ohun tó lé mi kúrò níbẹ̀ fún yín ni pé ẹni tó bá yan àyè gbọ́dọ̀ lọ tẹ ìlà kan nínú ímeèlì rẹ̀ kí ọjọ́ náà tó dúró. Fún olùkọ́ ní Yunifásítì Ìlọrin tó fẹ́ máa rí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá, oúnjẹ ọmọ ni. Fún ìyá Ọjà Ọba, ó ti tán. Nínú Easy!Appointments, ẹ lè yan èyí tó pọn dandan nínú ohun tí wọ́n ń béèrè: ẹ fi nọ́ńbà fóònù ṣe dandan, ẹ yọ dandan kúrò lára ímeèlì.

LibreBooking ló yẹ kó mọ ọ̀rọ̀ àga jù, torí ohun èlò ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe é, yàrá, ọkọ̀, ẹ̀rọ. Ìtàn rẹ̀ sì dùn. phpScheduleIt ti Nick Korbel ni níbẹ̀rẹ̀, ó di Booked Scheduler, nígbà tó yá wọ́n ti kóòdù rẹ̀ mọ́lé. Àwọn tó ń lò ó mú ẹ̀yà ìkẹyìn tó wà ní gbangba, wọ́n ń tún un ṣe lọ, orúkọ tí wọ́n fún un nìyẹn. Ẹni tó bá bi yín pé kí ni ìwúlò ìwé àṣẹ GPL, ìyẹn ni kí ẹ fi hàn án: olóko lè fi oko sílẹ̀, àmọ́ kò lè gba èso tó ti wà lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá ní gbọ̀ngàn tí ẹ ń yá àwọn onínáwó, èmi fúnra mi á ní kí ẹ mú un. Fún aláìsàn, ojú rẹ̀ le. Ẹni tó ń lo yàrá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀.

Àwọn kan á wá sọ OpenMRS tàbí Bahmni fún yín. OpenMRS bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2004, wọ́n sì kọ́kọ́ lò ó ní Eldoret ní Kenya. Lórí rẹ̀ ni wọ́n kọ́ ètò ìwé aláìsàn tí wọ́n ń lò fún ìtọ́jú HIV ní Nàìjíríà. Ìwé ìtàn àìsàn ni iṣẹ́ wọn, dídá ọjọ́ kàn wà nínú rẹ̀ ni. Ẹ má ra trélà nítorí pé ẹ fẹ́ gbé àpò ìrẹsì kan.

SMS ló kàn báyìí, ibẹ̀ gan-an ni ètò yìí ti máa sanwó ara rẹ̀ padà tàbí kó má san án. Easy!Appointments kì í fi SMS ránṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ó ní ẹnu ọ̀nà tí kóòdù mìíràn lè gbà béèrè àwọn ọjọ́ tí a dá lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ọmọ àbúrò yín kọ ìwé kóòdù kékeré kan tí yóò máa jí ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kó béèrè àwọn tó ń bọ̀ lọ́la, kó sì fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí wọn láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ SMS bíi Termii tàbí Africa's Talking. Iṣẹ́ ọjọ́ méjì fún ọmọ tó bá mọ̀ ọ́n.

Ẹ sọ fún un pé kó ṣọ́ nǹkan méjì. Àwọn èèyàn tó ti fi STOP ránṣẹ́ sí 2442 nítorí ìyọlẹ́nu ìpolówó pọ̀. Bí ẹ bá gba ọ̀nà ìpolówó lásán, ọ̀rọ̀ yín kò ní dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ óò sì rò pé wọ́n kàn kọ̀ láti wá ni. Ọ̀nà tó ń kọjá lára DND, ìdènà tí STOP yẹn ń fi sí nọ́ńbà wọn, ni kó gbà, kó sì tètè forúkọ tó máa hàn lórí ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, torí ìyẹn máa ń falẹ̀.

Ìkejì jẹ́ ọ̀rọ̀ èdè wa. Ẹ wo ọ̀rọ̀ yìí: "E ku ise o. A n reti yin lola ojo Isegun, laarin aago 9 si 10 aaro, fun itoju eyin. Bi e ko ba le wa, e jowo e pe wa." Lẹ́tà 117 ni, bí a bá ka àlàfo mọ́ ọn. SMS kan gba 160, owó ẹyọ kan lẹ san. Ẹ wá fi àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ sí i bó ṣe yẹ, ó di 125, nítorí pé ọ́ àti ẹ́ jẹ́ ohun méjì-méjì lójú fóònù. Ìyẹn nìkan kọ́. Bí ẹyọ ẹ, ọ tàbí ṣ kan ṣoṣo bá ti wọ inú ọ̀rọ̀ náà, gbogbo rẹ̀ bọ́ sí ọ̀nà ìkọ̀wé mìíràn tó jẹ́ pé 70 péré ni SMS kan gbà, 67 sì ni bí ó bá ju ẹyọ kan lọ. Owó yín ti di ìlọ́po méjì. Ó dùn mí láti sọ ọ́, èmi tí mo máa ń bá àwọn ọmọ mi jà lórí àmì ohùn, àmọ́ láìsí àmì ni kí ẹ fi ránṣẹ́.

Àìsí àmì náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀. "Itoju eyin": ẹnì kan á kà á bí eyín, ẹlòmíì á kà á bí ẹ̀yìn, ọlọ́sìn adìyẹ á rò pé ẹyin ni. Ẹ yọ ọ́ kúrò pátápátá. Kò tiẹ̀ yẹ kó wà níbẹ̀: ọkọ tàbí ọmọ lè bá ẹni náà ka fóònù, òfin ààbò dátà tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù kẹfà 2023 sì ka ọ̀rọ̀ ìlera sí ohun àṣírí tí a gbọ́dọ̀ ṣọ́ gidigidi. Orúkọ ilé ìwòsàn, ọjọ́, wákàtí, nọ́ńbà tí wọ́n lè pè. Ó tó. Nítorí òfin yìí kan náà, ẹ má kọ irú àìsàn sínú àkíyèsí Easy!Appointments, "wáyà, Dókítà kejì" ti tó, ìyókù á wà nínú fáìlì yín. Bí wọ́n bá jí nǹkan náà kó, tí ó sì lè ṣe àwọn èèyàn yín ní jàǹbá, wákàtí 72 ni òfin fún yín láti sọ fún àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ dátà. Bí ohun tó wà níbẹ̀ bá ṣe kéré tó ni wàhálà yín á ṣe kéré tó.

Ó ku ẹ̀ṣẹ̀ kan tí mo dá fúnra mi, kí ẹ má bàa dá a. Mo gbé ètò kan kalẹ̀ fún ilé ìṣerunlóge kan, gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa, àfi pé àwọn oníbàárà ń pè pé ṣé lóòótọ́ ni pé aago mẹ́ta òru ni kí àwọn wá ṣe irun. Amẹ́ríkà ni sáfà náà wà, aago ibẹ̀ ló ń kà. Ìyàwó àfẹ́sọ́nà kan fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún fún mi lórí fóònù. Africa/Lagos ni kí ẹ yan, nínú ètò gbogbogbòò àti lára òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Aago tiwa kì í yí padà nígbà òtútù tàbí ooru bíi tiwọn, nítorí náà bí ẹ bá ti tò ó lẹ́ẹ̀kan, ó ti tò.

Ẹ jẹ́ kí ìwé rẹ́jísítà àti kọ̀ǹpútà jọ rìn fún oṣù kan. Lálaalẹ́, kí ọmọ tábìlì tẹ orúkọ àwọn tó ń bọ̀ lọ́la síwèé, torí ọjọ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ, bébà ò ní lọ. Fún oṣù yẹn, kí ẹnikẹ́ni má ṣí ìkànnì náà fún aláìsàn. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ ọmọ náà mọ́ ọn ná. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi ìlà ìkànnì náà sórí WhatsApp yín fún àwọn ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ fúnra wọn yan wákàtí.

Kí ọmọ àbúrò yín tó lọ, ẹ ní kó ṣe ohun kan lójú yín. Kó mú ẹ̀dà tí sáfà fi pa mọ́ lálẹ́ àná, kó gbé e sórí kọ̀ǹpútà mìíràn tí kò ní nǹkan kan nínú, kó ṣí i, kó sì fi orúkọ aláìsàn àárọ̀ ọ̀la hàn yín níbẹ̀. Kó kọ gbogbo ọ̀rọ̀ aṣínà sínú àpò ìwé, kó fi fún yín, kì í ṣe fún WhatsApp. Bí ẹ̀dà náà kò bá ṣí, kò tíì di àgùnbánirọ̀.